Ohun Tí Kì Í Jẹ́ Kí Nọ́ọ̀tì Tú

Ẹ̀kọ́ fún àwọn awakọ̀, àwọn mẹkáníìkì àti gbogbo ẹni tí ó ń lo ẹ̀rọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe ohun tí adìẹ lè gbé mì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni nọ́ọ̀tì rí. Irin kékeré tí ó ní ojú mẹ́fà, tí ihò sì wà láàrin rẹ̀ ni; ọmọdé lè kó ogún nínú rẹ̀ sí àpò. Síbẹ̀, òun ni ó so ẹsẹ̀ ọkọ̀ akérò mọ́ ara ọkọ̀, òun ni ó di ayùn ẹ̀rọ ìlagi mú, òun náà ni ó sì mú ẹ̀rọ ìlọta dúró lórí ìpìlẹ̀ rẹ̀ nínú ọjà. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà ní àyè rẹ̀, kò sí ẹni tí í rántí rẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá tú ni a tó ń mọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó sì jẹ́ pé ẹ̀mí àti dúkìá ni a fi ń san owó ẹ̀kọ́ náà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí nọ́ọ̀tì bá tú, a jẹ́ pé ẹni tí ó dì í kò lo agbára tó. Àwọn mìíràn gbà pé bí a bá ti fi wọ́ṣà sí abẹ́ nọ́ọ̀tì, ọ̀rọ̀ ti parí. Èrò méjèèjì ni ó kù díẹ̀ káàtó. Ẹ̀kọ́ yìí yóò ṣe àlàyé ohun tí ó di nọ́ọ̀tì mú gan-an, ohun tí ó ń tú u, àwọn ohun tí àwọn ọlọ́gbọ́n ti ṣe láti dènà títú rẹ̀, àti bí olúkúlùkù ṣe lè mọ èyí tí ó yẹ iṣẹ́ tirẹ̀.

KÍ NI Ó DI NỌ́Ọ̀TÌ MÚ?

Bí a bá wo ara bóòtù dáadáa, a ó rí ìlà jíjìn kan tí ó yí i ká láti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè, bí ìtàkùn ti í lọ́ mọ́ igi. Èyí ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní tẹ́rẹ́ẹ̀dì. Irú ìlà kan náà wà nínú ihò nọ́ọ̀tì. Ọ̀nà tí ó ń gun òkè ni ìlà yìí, àfi pé wọ́n ká ọ̀nà náà mọ́ ara irin. Nígbà tí a bá fi sípánà dì í, ńṣe ni nọ́ọ̀tì ń gun òkè kékeré náà. Nígbà tí a bá tú u, ńṣe ni ó ń sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí nọ́ọ̀tì bá ti kan ohun tí a fẹ́ dì, tí a kò sì dẹ́kun yíyí i, kò sí ibi tí yóò tún gbà lọ mọ́. Ara bóòtù ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í nà. Irin ni bóòtù lóòótọ́, ṣùgbọ́n irin pàápàá a máa nà díẹ̀, bí ojú kò tilẹ̀ lè rí i. Bí rọ́bà tí ọmọdé fi ń ta ẹyẹ ti í fẹ́ padà sí ipò rẹ̀ nígbà tí a bá fà á, bẹ́ẹ̀ ni bóòtù tí a nà ń fẹ́ sún kì. Ìfà yìí ni ó há irin méjì tí a dì pọ̀ mọ́ra. Òun kan náà ni ó tẹ tẹ́rẹ́ẹ̀dì nọ́ọ̀tì mọ́ tẹ́rẹ́ẹ̀dì bóòtù, tí wọn kò fi lè yọ̀ lórí ara wọn. Agbára tí kì í jẹ́ kí irin yọ̀ lórí irin yìí ni a ń pè ní ìfarakínra.

Nítorí náà, ìfà bóòtù ni ọ̀gá, ìfarakínra sì ni ìránṣẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀gá bá wà nílé, ìránṣẹ́ kò ní kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Bí ọ̀gá bá jáde, ìránṣẹ́ yóò tẹ̀lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nọ́ọ̀tì yóò sì di ohun tí ìka ọwọ́ lásán lè tú.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń lo sípánà mọ̀. Bí a bá pín agbára tí ènìyàn lò láti di nọ́ọ̀tì sí ọ̀nà 100, nǹkan bí 50 ni ìfarakínra tí ó wà lábẹ́ nọ́ọ̀tì ń jẹ, nǹkan bí 40 ni ti ojú tẹ́rẹ́ẹ̀dì ń jẹ, nǹkan bí 10 péré ni ó ń ṣẹ́ kù láti na bóòtù. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bí ìpatà tàbí iyanrìn bá wà lójú tẹ́rẹ́ẹ̀dì, ìfarakínra yóò pọ̀ sí i, yóò sì jẹ lára 10 tí ó kù náà. Apá ẹni tí ó ń dì í yóò ro ó, òógùn yóò bò ó, yóò sì rò pé nọ́ọ̀tì ti le, bẹ́ẹ̀ bóòtù kò tíì nà rárá. Ní òdìkejì ẹ̀wẹ̀, bí a bá fi ọ́ìlì kún tẹ́rẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ní kí a dì ní gbígbẹ, agbára kan náà lè na bóòtù kọjá ààlà, kí ó sì já.

Ìdí nìyí tí líle apá nìkan kò fi tó. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ tàbí ẹ̀rọ a máa kọ ìwọ̀n tí ó yẹ kí a fi di nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan sínú ìwé tí ó bá ẹ̀rọ náà wá, sípánà tí ó ní òṣùwọ̀n lára sì wà tí ó lè sọ fún ènìyàn ìgbà tí ó bá dé ìwọ̀n náà.

KÍ NI Ó Ń TÚ U?

Ọ̀nà méjì ni nọ́ọ̀tì ń gbà dẹ̀. Ní ọ̀nà èkínní, nọ́ọ̀tì kò yí padà rárá, síbẹ̀ ìfà bóòtù ti lọ. Bí ọ̀dà, ìpatà tàbí ìdọ̀tí bá wà láàrin irin méjì tí a dì pọ̀, ẹrù àti ìrìn yóò tẹ ohun náà rẹ́ díẹ̀díẹ̀. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé ìwọ̀n bíńtín ni a na bóòtù, bí ohun tí ó wà láàrin bá fi ìwọ̀n bíńtín náà dín kù, gbogbo ìfà ti parí nìyẹn. Bóòtù kúkúrú ni èyí ń tètè ṣe, nítorí pé nínà rẹ̀ kò pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ fi sábà máa ń kìlọ̀ pé bí a bá pààrọ̀ táyà, kí a tún fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti rin nǹkan bí kìlómítà 50 sí 100.

Ní ọ̀nà kejì, nọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ ni ó ń yí padà. Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi rò pé gbígbọ̀n sókè-sódò ni ó ń fà á. Ní ọdún 1969 ni onímọ̀ ẹ̀rọ ará Jámánì kan, Gerhard Junker, tẹ ìwádìí kan jáde tí ó yí èrò náà padà. Ó ṣe ẹ̀rọ kan tí ó máa ń fa irin méjì tí a fi bóòtù dì pọ̀ síwá àti sẹ́yìn lórí ara wọn, tí ó sì ń wọn bí ìfà bóòtù ṣe ń dín kù. Ohun tí ó rí ni pé yíyọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ni ọ̀tá nọ́ọ̀tì jù lọ. Bí irin méjèèjì bá ti ń yọ̀ lórí ara wọn, nọ́ọ̀tì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà fúnra rẹ̀, láìsí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án. Títí di òní ni a ṣì ń fi orúkọ Junker pe irú ìdánwò yìí.

Àpẹẹrẹ kan yóò mú kí ọ̀rọ̀ náà yé ni. Kí a gbé àpótí kan ka orí pákó tí ó dàgẹ̀rẹ̀ díẹ̀. Àpótí náà yóò dúró, nítorí pé ìfarakínra dì í mú. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ń ti àpótí náà sí ọ̀tún àti sí òsì, yóò rí i pé bí ó ti ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ ni ó ń rọra sọ̀ kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó tì í sí ìsàlẹ̀. Nígbà tí ìfarakínra bá ń bá yíyọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ jà, kò ní ọwọ́ kejì tí yóò fi di àpótí mú lójú àgẹ̀rẹ̀. Òkè dídàgẹ̀rẹ̀ ni tẹ́rẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú. Bí ohun tí a dì bá ń yọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, nọ́ọ̀tì yóò máa sọ̀ kalẹ̀ lójú òkè tirẹ̀.

Láti inú ìwádìí yìí ni ẹ̀kọ́ tí ó ṣe pàtàkì jù ti jáde: bí ìfà bóòtù bá pọ̀ tó tí irin méjèèjì kò fi lè yọ̀ lórí ara wọn, nọ́ọ̀tì kò ní ìdí láti tú. Ohun èlò yòówù tí a bá fi kún un, olùrànlọ́wọ́ ni. Kò lè gba ipò dídì tí ó péye.

ÀWỌN OHUN TÍ A FI Ń DÈNÀ TÍTÚ

Èkínní ni wọ́ṣà sípírìngì, èyí tí wọ́n gé lẹ́nu tí ẹnu méjèèjì sì ta kora. Òun ni ó wọ́pọ̀ jù ní gáréèjì. Èrò tí ó wà nídìí rẹ̀ ni pé yóò máa ti nọ́ọ̀tì sókè, ẹnu rẹ̀ mímú yóò sì máa ha irin. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá fún bóòtù tó bí ó ti yẹ, wọ́ṣà náà ti pẹlẹbẹ pátápátá, kò sì yàtọ̀ sí wọ́ṣà lásán mọ́. Ìwé ìtọ́nisọ́nà kan tí NASA, àjọ tí ó ń mójú tó ìrìnàjò sánmà ní Amẹ́ríkà, tẹ̀ jáde ní ọdún 1990 sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé ní irú ipò bẹ́ẹ̀ agbára ìdènà rẹ̀ kò sí mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ẹ̀mí èrò ọkọ̀ lé wọ́ṣà yìí nìkan lọ́wọ́.

Èkejì ni nọ́ọ̀tì méjì lórí bóòtù kan. Ọ̀nà àtijọ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ bí a bá ṣe é bí ó ti tọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣì ṣe ni pé wọ́n ń fi nọ́ọ̀tì tí ó nípọn sí ìsàlẹ̀, wọ́n sì ń fi èyí tí ó fẹ́lẹ́ sí òkè. Òdìkejì rẹ̀ ni ó tọ́. Èyí tí ó fẹ́lẹ́ ni kí ó kọ́kọ́ wọlé, kí a fún un níwọ̀nba; lẹ́yìn náà ni kí a fi èyí tí ó nípọn lé e, kí a fi sípánà kan di ti ìsàlẹ̀ mú kí ó má yí, kí a sì fi sípánà kejì fún ti òkè ní ìwọ̀n kíkún. Nígbà náà ni nọ́ọ̀tì méjèèjì yóò ti ara wọn, tí èyí tí ó nípọn yóò sì gbé ẹrù tí ó tọ́ sí i.

Ẹ̀kẹta ni nọ́ọ̀tì onínáílọ́ọ̀nù. Òrùka náílọ́ọ̀nù kan wà ní òkè ihò rẹ̀, tí ihò tirẹ̀ kéré sí ara bóòtù. Bí bóòtù ti ń gba inú rẹ̀ kọjá, yóò gbá náílọ́ọ̀nù náà mọ́ra, yóò sì há. Àǹfààní rẹ̀ ni pé bí ìfà bóòtù bá tilẹ̀ lọ, nọ́ọ̀tì náà kì í tètè já bọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé kò fẹ́ràn ooru. Bí ooru bá ti ju nǹkan bí 120°C lọ, náílọ́ọ̀nù yóò rọ̀. Nítorí náà, kò yẹ kí a lò ó ní ìtòsí páìpù èéfín ẹ̀ńjìnnì. Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí a máa tú u kí a sì tún máa dì í ní ìgbà púpọ̀, nítorí pé náílọ́ọ̀nù náà yóò gbòòrò. Nọ́ọ̀tì tí ọwọ́ lásán lè yí dé ìsàlẹ̀ ti kọjá ohun tí a ń lò.

Ẹ̀kẹrin ni nọ́ọ̀tì tí orí rẹ̀ rí bí adé, pẹ̀lú pínnì ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Wọ́n lu ihò gba ara bóòtù kọjá. A ó ki pínnì bọ ihò náà gba àárín eyín adé, a ó sì ṣẹ́ ẹsẹ̀ pínnì méjèèjì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nọ́ọ̀tì náà kò lè yí kọjá ibi tí pínnì bá dá a dúró. Òun ni a ń bá pàdé níbi béárìnì ẹsẹ̀ ọkọ̀ àti lára irin tí ó ń darí ọkọ̀, nítorí pé láwọn ibi kan kò yẹ kí a fún nọ́ọ̀tì le jù, síbẹ̀ kò gbọdọ̀ já bọ́. Pínnì tuntun ni kí a máa lò nígbàkúùgbà tí a bá tú u. Ìṣó àti wáyà lásán kì í ṣe pínnì. Nínú iṣẹ́ bàálù, wáyà tí a dìídì ṣe fún iṣẹ́ náà ni wọ́n fi ń so orí bóòtù kan mọ́ èkejì, tí ó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá fẹ́ tú, ńṣe ni yóò máa fa ìkejì rẹ̀ láti dì sí i.

Ẹ̀karùn-ún ni àtè olómi. Ní ọdún 1953 ni Vernon Krieble, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ kẹ́mísìrì ní Trinity College ní ìlú Hartford ní Amẹ́ríkà, ṣe àtè kan tí ó yàtọ̀ sí èyí tí ayé mọ̀. Àtè mìíràn a máa gbẹ bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i. Tirẹ̀ kì í gbẹ níwọ̀n ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá wà lára rẹ̀, àfi ìgbà tí ó bá wà láàrin irin àti irin níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí. Loctite ni orúkọ tí a wá mọ̀ ọ́n sí. Ìdí nìyí tí ìgò rẹ̀ kì í fi í kún. Wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ kí ó má baà gbẹ sínú ìgò. Nígbà tí ó bá gbẹ lójú tẹ́rẹ́ẹ̀dì, yóò dí gbogbo àyè tí nọ́ọ̀tì ì bá fi yọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ nu ọ́ìlì àti gírísì kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àtè náà kò ní mú bí ó ti yẹ.

Ẹ̀kẹfà ni àwọn tí ó ń lo ọgbọ́n híhá. Àgbẹ̀ tí orí àáké rẹ̀ bá ń mì a máa fi igi pẹlẹbẹ ẹlẹ́nu tẹ́ẹ́rẹ́ há a. Bí ó bá ti ń wọlé ni àáké ń le sí i. Katsuhiko Wakabayashi, ará Japan, lo irú ọgbọ́n yìí láti ṣe nọ́ọ̀tì oníbejì kan tí a ń pè ní Hard Lock. Níbi igi tí wọ́n fi há ẹnu ọ̀nà ojúbọ Sumiyoshi ní Osaka ni ó ti rí àpẹẹrẹ rẹ̀. Nọ́ọ̀tì kan ní ẹnu ṣóńṣó, èkejì ní ihò tí ó gba ẹnu náà, ṣùgbọ́n wọn kò ṣe ṣóńṣó náà sí àárín gbùngbùn. Nígbà tí a bá fún wọn pọ̀, ọ̀kan yóò há ìkejì mọ́ bóòtù. Lára ojú irin àti ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá ti Japan ni wọ́n ti ń lò ó. Ní Sweden ẹ̀wẹ̀, wọ́n ṣe wọ́ṣà oníbejì tí a ń pè ní Nord-Lock. Inú wọ́ṣà méjèèjì ní àgẹ̀rẹ̀ tí ó ga ju àgẹ̀rẹ̀ tẹ́rẹ́ẹ̀dì lọ, ẹ̀yìn wọn sì ní eyín tí ó bu irin jẹ. Bí nọ́ọ̀tì bá fẹ́ tú, ó di dandan kí ó gun àgẹ̀rẹ̀ náà, gígùn rẹ̀ yóò sì na bóòtù sí i. Bí ó ti ń gbìyànjú láti sá ni ó ń di ara rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ìkeje kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Gbogbo ẹni tí ń tún kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe mọ̀ pé ọ̀tún ni a ń yí pẹ́dà ọ̀tún sí bí a bá ń dì í, ṣùgbọ́n òsì ni a ń yí ti òsì sí. Kì í ṣe àṣìṣe àwọn tí ó ṣe kẹ̀kẹ́. Bí ẹsẹ̀ ti ń tẹ pẹ́dà yíká ni irin rẹ̀ ń ní ìtẹ̀sí láti yí padà nínú ihò rẹ̀. Bí tẹ́rẹ́ẹ̀dì méjèèjì bá dọ́gba, ìrìn kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ni yóò máa tú ọ̀kan nínú wọn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe yí tẹ́rẹ́ẹ̀dì ti òsì sí òdìkejì.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ POTTERS BAR ÀTI NÍ NAHA

Kò yẹ kí a ro pé ìlú tí ó ní ẹ̀rọ púpọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ewu yìí. Ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún ọdún 2002, ọkọ̀ ojú irin kan gbéra láti ibùdókọ̀ King's Cross ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ń lọ sí King's Lynn. Nígbà tí ó ń sáré kọjá ní Potters Bar, ibi tí irin ti máa ń ṣí tí ó sì ń pa dé láti darí ọkọ̀ yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tí ó kẹ́yìn fò kúrò lórí irin, ó sì fẹ̀gbẹ́ wọ́ gun orí pèpéle ibùdókọ̀. Ènìyàn 7 ni ó kú, àwọn tí ó farapa sì ju 70 lọ. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kú kò tilẹ̀ wọ ọkọ̀ náà. Ó ń kọjá lábẹ́ afárá ni àwókù já lù ú.

Ìwádìí fi hàn pé àwọn nọ́ọ̀tì tí ó di ọ̀pá irin mú níbẹ̀ ti tú, àwọn kan sì ti kúrò lórí bóòtù pátápátá. Ọ̀pá wọ̀nyí ni ó yẹ kí ó mú irin méjì tí ń ṣí tí ń pa dé jìnnà síra bí ó ti yẹ. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, ẹnì kan tí ó mọ iṣẹ́ ojú irin ti wá sọ pé ọkọ̀ gbọ̀n lọ́nà tí kò dára níbẹ̀. Wọ́n rán òṣìṣẹ́ lọ wò ó, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n wò kọ́ ni ibi tí ó bàjẹ́. Ní ọdún 2011 ilé ẹjọ́ bu ìtanràn mílíọ̀nù 3 pọ́n-ùn lé ilé iṣẹ́ tí ó ni ojú irin náà, ṣùgbọ́n owó kò jí òkú dìde.

Ti Naha, ní erékùṣù Okinawa ní Japan, fi ẹ̀kọ́ mìíràn kọ́ ni. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ọdún 2007, bàálù kan tí ó ti Taiwan wá balẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú ènìyàn 165. Bí ó ti dúró tán ni iná sọ, tí ó sì jó o di eérú. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé gbogbo 165 náà ni ó sá jáde láàyè. Bóòtù kan tí ó tú nínú apá bàálù ni ó gún àpò epo. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé ní oṣù keje ọdún kan náà ni wọ́n ti tú nọ́ọ̀tì bóòtù yìí, tí wọ́n fi àtè kùn ún, kí ó má baà tú mọ́. Ìwádìí gbà pé nígbà iṣẹ́ náà ni wọ́ṣà kan já bọ́ tí a kò sì dá a padà. Nọ́ọ̀tì náà kéré sí ihò tí wọ́ṣà ì bá dí. Nítorí náà, nọ́ọ̀tì àti bóòtù jọ gba inú ihò náà já bọ́. Àtè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́ṣà kò sí.

Ohun tí ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì ń sọ kò yàtọ̀. Kò sí ohun èlò tí ó gbọ́n tó láti ṣe iṣẹ́ ojú ènìyàn. Ẹni tí ó dì í gbọ́dọ̀ dì í pé, ẹlòmíràn sì gbọ́dọ̀ padà wá wò ó.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Kí awakọ̀ tàbí mẹkáníìkì tí ó bá pààrọ̀ táyà kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin nu ìpatà àti ẹrẹ̀ kúrò lójú tẹ́rẹ́ẹ̀dì àti níbi tí irin ti fara kan irin. Kí ó má ṣe kun ọ̀dà síbẹ̀. Kí ó fún nọ́ọ̀tì náà ní ìfojúkojú, kì í ṣe ní títẹ̀léra: bí ó bá fún èyí tí ó wà ní òkè, kí ó lọ sí èyí tí ó kọjú sí i ní ìsàlẹ̀. Kí ó má ṣe fi páìpù gùn sípánà, kí ó sì má ṣe gun orí rẹ̀, nítorí pé bóòtù tí a nà kọjá ààlà ti kú bí ó tilẹ̀ wà ní ìdúró.

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti rin kìlómítà 50 sí 100, kí ó tún fún gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ó bá parí, kí ó fi ọ̀dà funfun fa ìlà kan láti ara nọ́ọ̀tì dé ara irin tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, wíwò lásán ní òwúrọ̀ yóò sọ fún un bí ìlà náà bá ti já sí méjì. Àwọn ọkọ̀ ńlá kan ní ike aláwọ̀ ìyeyè tí ó ní ẹnu ṣóńṣó lórí nọ́ọ̀tì táyà wọn. Iṣẹ́ kan náà ni ó ń ṣe. Bí ẹnu méjì tí ó yẹ kí ó kọjú síra bá ti kọ ẹ̀yìn síra, kí awakọ̀ má ṣe gbéra.

Kí ẹni tí ó ní ẹ̀rọ ìlọta, ẹ̀rọ ìlagi tàbí ẹ̀rọ amúnáwá máa pa ẹ̀rọ náà ní ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀, kí ó sì fi sípánà tọ́ nọ́ọ̀tì ìpìlẹ̀ rẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí nọ́ọ̀tì kan bá ń tú léraléra, kí ó má ṣe kàn máa dì í padà. Kí ó wádìí ohun tí ń yọ̀ sí ẹ̀gbẹ́: bóyá ihò ti gbòòrò, bóyá bóòtù tẹ́ẹ́rẹ́ jù, bóyá ìpìlẹ̀ ti sán. Nọ́ọ̀tì tí ń tú ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá kàn ń dì í láìgbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò gbọ́ ọ ní ọjọ́ tí kò retí.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò pọ̀ jù láti fi yí ọkọ̀ po kí ó tó gbéra. Èrò méjìdínlógún tí ó jókòó sínú rẹ̀ kò lè rí nọ́ọ̀tì. Awakọ̀ ni wọ́n fi ojú tiwọn sí lọ́wọ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN ẸGBẸ́ AKẸ́KỌ̀Ọ́

1. Kí ni ó há irin méjì tí a fi bóòtù dì pọ̀ mọ́ra?

2. Kí ni Gerhard Junker fi hàn ní ọdún 1969?

3. Bí a bá lo nọ́ọ̀tì méjì, èwo ni kí ó wà ní ìsàlẹ̀, èyí tí ó fẹ́lẹ́ tàbí èyí tí ó nípọn?

4. Èéṣe tí kò fi yẹ kí a lo nọ́ọ̀tì onínáílọ́ọ̀nù ní ìtòsí páìpù èéfín?

5. Àtè wà lára nọ́ọ̀tì bàálù tí ó jóná ní Naha. Kí ni kò sí níbẹ̀?

6. Kí olúkúlùkù wo ẹ̀rọ kan tí ó wà ní àdúgbò rẹ̀, kí ó ka iye ọ̀nà tí wọ́n gbà dènà títú nọ́ọ̀tì lára rẹ̀, kí ó sì sọ bóyá ó yẹ fún iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń ṣe.